"Dwell": báwo ló ṣe di "gbé"?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni "dwell" ti túmọ̀ sí kéèyàn máa gbé ibì kan?

Ìdáhùn: Rárá o. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "dwellan" ni: kí a ṣi èèyàn lọ́nà, tàbí kí a dá a dúró. Ẹni tó ṣìnà á pẹ́ lọ́nà, ẹni tó sì pẹ́ níbì kan, ó ti ń di ará ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ "dvelja" ti àwọn ará Scandinavia (ní àríwá Yúróòpù) tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ "fi falẹ̀", kún un.

Ìdáhùn: "Pẹ́" yẹn ṣì wà nínú "dwell on": kéèyàn máa ro ọ̀rọ̀ kan ṣáá. Ẹ má fi "gbé" túmọ̀ rẹ̀ o! Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "live" ni kẹ́ ẹ lò. "I dwell in Ìbàdàn" á dún bí ìwàásù.