Ẹ gbà mí o, ìlù tí mo gbà ní Salvador ti ń wọ́ ẹsẹ̀

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun. Ìlù kan tí wọ́n ń pè ní ijexá, tí mo fi fídíò fóònù gbà ní Salvador, ní Bahia ti Bràsíl, mo ti gbé e sínú orin mi, àwọn elégbè mẹ́ta sì ti kọrin lé e lórí. Àṣé ó ń falẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀! Onílù tó ń bọ̀ ní Sátidé ló sọ pé ìlù inú fídíò kọ́ nìyí. Kí ni ṣíṣe? Ohùn àwọn elégbè wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Sample rate ni, iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: 48000 ni fóònù yín fi gbà á, 44100 ni project orin yín lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ò yí i padà, ó kàn ń kà á lọ́ra ni. Ẹ wo gígùn rẹ̀: ohun tó jẹ́ ìṣẹ́jú 4 lórí fóònù á ti di ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21. Ohùn rẹ̀ á sì ti fi bíi semitone (ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) kan àtààbọ̀ wálẹ̀. Ẹ má fọwọ́ fà á o. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún un kó wọlé, kí ẹ sì fọwọ́ sí ibi tó ti ń bi yín bóyá kó yí sample rate padà. Owó sítúdíò ọjọ́ méjì ni àìfọwọ́ síbẹ̀ gbà lọ́wọ́ tèmi.

Àbúrò Toronto: Ó ku kan. Àwọn tó lù ú ò lù ú mọ́ aago. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní beat 92 ní ìṣẹ́jú kan, ó lè parí ní 97. Ẹ má gé e wẹ́wẹ́ tò mọ́ ìlà ẹ̀rọ, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń ka beat, ijexá á dà bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Ìlà ẹ̀rọ ni kó tẹ̀lé ìlù. Ẹ fi àmì síbi tí agogo ti ń bẹ̀rẹ̀ ní yíyí kọ̀ọ̀kan, kí tempo, ìyára orin, máa tẹ̀lé àmì yẹn.

Ọmọ Òṣómàáló, Houston: Èmi ò tiẹ̀ ní lo ti fóònù yẹn rárá. Gbogbo ìgbà tí rum, ìlù wọn tó tóbi jù, bá dún ni fóònù máa ń fúnra ẹ̀ tẹ ohùn mọ́lẹ̀, á tún gbé e sókè, agogo á wá máa rì á máa léfòó. Kò sí oògùn ẹ̀. Ẹ fi ṣe àwòkọ, kí ẹ lu tuntun. Agogo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Lé àti rumpi, ìlù kékeré àti ti àárín, tẹ̀ lé e. Kí rum gbẹ̀yìn, torí òun ni ìyá ìlù wọn, òun ló ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ lásán ni o, kì í ṣe ọ̀pá! Kí máìkì fi mítà kan jìnnà sí agogo, kí ẹnu agogo má kọjú sí i. Ẹ gbà á ní 24-bit, kí ibi tó bá dún jù má kọjá -12 dB lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ. Ohùn tó bá ti fọ́ nínú gbígbà, ó fọ́ náà nìyẹn.

Tíṣà Manchester: Bí ẹ bá sì fẹ́ lo ti fóònù ọ̀hún, ẹ gba àṣẹ. Ìlù ìbílẹ̀ lè má ní olówó, àwọn tó lù ú ní ẹ̀tọ́, òfin 9.610 ti 1998 ní Bràsíl dá a mọ̀. Ẹ kọ ìdá tí wọ́n máa mú sílẹ̀ kí orin tó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ orin yín tí ẹ fi sókè síbí. Ṣé "ọkọ́ ń gbé mi lọ" lẹ̀ ń kọ ni? Ọkọ́ tá a fi ń roko?

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ọkọ̀ ni o! Ọkọ̀ òfuurufú!

Ọmọ Òṣómàáló, Houston: Háà. Ọkọ́ gbé Ìyá Ìbejì dé Bahia 😂

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Tíṣà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Orin ìsìn àtijọ́ ńkọ́? Ohùn òyìnbó ni wọ́n tò ó mọ́, a ṣì ń kọ ọ́.

Tíṣà Manchester: Torí a ti há a sórí ni. Ta ló há ti Ìyá Ìbejì sórí? Ọkọ̀, re dò. Ohùn orin tí wọ́n mú bọ̀ láti Salvador, re mí. Bó bá dúró lójú kan, etí á gbà á. Bó bá wá gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn.

Àbúrò Toronto: Ẹ kúkú yí ohùn orin padà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Láéláé! Ibi tó ti gòkè yẹn gan-an ni adùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ yí.

Tíṣà Manchester: Ó dáa. "Ilé ń wá mi o." Re mí mí mí re re. Ẹ kọ ọ́ wò.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Yéè! Ó wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Tíṣà, ẹ ò ṣe é re. Ọ̀sán gangan, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, ilé ti ń wá èmi náà.

Ọmọ Òṣómàáló, Houston: Ta ló tiẹ̀ ni ijexá? Ìjẹ̀ṣà ni! Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy ní Salvador ti ń fi í jáde láti 1949, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wa. Mò ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mi ò ní jókòó o, òṣó ni mà á ló títí mà á fi gbowó mi.

Àbúrò Toronto: 😂😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ amúlétutù Houston yín, a máa ń gbọ́ ọ nínú gbogbo orin yín.

Ọmọ Òṣómàáló, Houston: Ó sàn ju fúláàtì London lọ, níbi tí aládùúgbò ti ń fi igi ìgbálẹ̀ bá wọn lù ú láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Onílù wà ní òpópónà kọ̀ọ̀kan níbí. Ẹ̀yin, ẹ máa fi kọ̀ǹpútà lu tiyín.

Àbúrò Toronto: Ẹ máa jà. Tí yìnyín bá ti bo ìta níbí, ó ń gbé ariwo mì. Ẹ wá wo ìdákẹ́jẹ́.

Tíṣà Manchester: Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀rọ amúlé-gbóná ń kùn nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Mo ti tún un kó wọlé o! 4:21 ti padà di 4:00. Ṣùgbọ́n àwọn elégbè wá dà bí ẹni tó ń kọrin nílé kejì. Ṣé kí n fà wọ́n sókè ni àbí kí n tún pè wọ́n?

Àbúrò Toronto: Ẹ tún pè wọ́n. Semitone kan àtààbọ̀ sókè, ohùn á di ti ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Irọ́ ni, lábẹ́ ìlù kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àbúrò Toronto: Etí Peckham ni kò ní mọ̀.

Ọmọ Òṣómàáló, Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ fi ẹnu yín nìkan kọ "ilé ń wá mi o" yẹn, kẹ́ ẹ jù ú síbí ká gbọ́ ná.