Òkúta méjì, iye kan náà: èwo ni kí n mú?

Àkàndé Peckham
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ní Sátidé, mo lọ sí Hatton Garden níbí ní Lọ́ńdọ̀nù láti wo òrùka tí mo fẹ́ fi sí ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi lọ́wọ́. Oníṣọ́ọ̀bù gbé dáyámọ́ǹdì róbótó méjì kalẹ̀, iye kan náà ló sì pè wọ́n. Èkíní jẹ́ káráàtì 1.01, àwọ̀ J, SI2, wọ́n ní gígé rẹ̀ jẹ́ Good. Èkejì jẹ́ 0.90, àwọ̀ H, SI1, gígé rẹ̀ Excellent. Ó ní kí n mú èyí tó pé káráàtì kan, pé iye káráàtì ni gbogbo ẹbí máa ń béèrè. Ẹ sì mọ àwọn àna wa! Ṣùgbọ́n kékeré yẹn ló ń kọ mànà lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí?

Ìyá Ìbejì
Àna tó bá gbé òṣùwọ̀n wá síbi ìdána, ẹ sá fún un 😂. Ṣé o rí ìwé àwọn òkúta náà?

Bàbá Alágbẹ̀dẹ
Àkàndé, ojú rẹ kò tàn ọ́. Iṣẹ́ góòlù ni mo fi tọ́ ọmọ, jẹ́ kí n tú u fún ọ.

Ìwọ̀n ni káráàtì, kì í ṣe fífẹ̀. Káráàtì kan jẹ́ gíráàmù 0.2. Èso igi carob ni wọ́n fi ń wọn òkúta láyé àtijọ́, bí ẹni ń fi wéréǹjéjé wọn góòlù, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Òkúta róbótó tó wọn káráàtì kan, tí wọ́n sì gé e dáadáa, ojú rẹ̀ á fẹ̀ tó mílímítà 6.5. Ṣùgbọ́n owó máa ń fò sókè tí ìwọ̀n bá ti dé 1.00, nítorí náà ẹni tó ń gé e lè fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ kó má baà bọ́ sísàlẹ̀ iye yẹn. Inú òrùka ni ìdí yẹn máa wọ̀ sí. O ti sanwó ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.

Gígé gan-an ni baba. Ìmọ́lẹ̀ tó gba òkè wọlé gbọ́dọ̀ kan ìdí òkúta, kó tún gba òkè padà sójú ẹni tó ń wò ó. Bí ìdí bá jìn jù tàbí tó pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ á jò dànù bí omi inú ajere, àárín òkúta á sì ṣú. Ìdí nìyẹn tí kékeré fi ń kọ mànà.

Ti àwọ̀, láti D dé Z ni. GIA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń yẹ òkúta iyebíye wò, ló gbé òdiwọ̀n yìí jáde ní 1953, wọ́n sì sá fún A, B, C torí pé àwọn oníṣòwò ti ń pe ọjà wọn ní A bó ṣe wù wọ́n. D kò ní àwọ̀ kankan, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń di yẹ́lò. J lè hàn díẹ̀ nínú góòlù funfun. Nínú góòlù bíi ti àwọn ìyá wa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

SI jẹ́ ti àbùkù inú, awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 ni wọ́n fi ń wò ó. Ojú lásán kì í sábà rí ti SI1. Ti SI2, fara balẹ̀ wò ó, pàápàá tí àmì dúdú bá wà láàárín. Má lé VVS, ìyẹn èyí tí àbùkù rẹ̀ kéré gan-an tí awò pàápàá kì í tètè rí i o, ta ló ń fi awò wo ọwọ́ ìyàwó?

Ṣèyí ti Houston
Ẹ jẹ́ kó ra èyí tí wọ́n ṣe ní lab jàre. Owó yẹn á ra òkúta tó tóbi jù ú lọ dáadáa.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ
Òótọ́ ni, dáyámọ́ǹdì gidi sì ni, kì í ṣe ayédèrú. Àmọ́ iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an, kí ó má retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ti inú ilẹ̀ pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ tà á padà máa ń pàdánù.

Adùnní Èkó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ kékeré tó ń ké pìì o. Ó ké fún tèmi, mo sanwó, mo yọ̀. Moissanite ni, òkúta mìíràn tó jọ dáyámọ́ǹdì! Ooru ni ẹ̀rọ yẹn ń yẹ̀ wò, moissanite sì ń gbé ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bíi ti dáyámọ́ǹdì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló fi awò wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ló bá ní kí n wò ó: gbogbo ìlà inú rẹ̀ di méjì-méjì.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ
O ṣé, Adùnní. Àkàndé, béèrè ìwé GIA. Tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìbàdí òkúta, ní kí wọ́n fi awò hàn ọ́, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì GIA fúnra rẹ. Wo fífẹ̀ méjèèjì nínú ìwé náà.

Àkàndé Peckham
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo padà lọ lónìí. Ìwé GIA wà fún 0.90, nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti ara òkúta mu. Ti 1.01, ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n wọn fífẹ̀ wọn lójú mi: 6.2 àti 6.2! Mo ti san àsansílẹ̀ fún kékeré. Ó wá ku bí n ó ṣe mọ ìwọ̀n ìka àfẹ́sọ́nà mi láìjẹ́ kó fura.

Ìyá Ìbejì
Yọ́ mú òrùka kan nínú àpótí rẹ̀. Ti ìka yẹn gan-an o, má lọ mú ti àtàǹpàkò!