Ọ̀bẹ bàbá bàbá mi: àbọ̀ rèé o

Ẹ rántí pé mo béèrè nípa ọ̀bẹ kúkúrú tí bàbá bàbá mi gbé bọ̀ láti ogun Bọ́mà, èyí tí wọ́n fi ń bẹ iṣu nílé wa. Ọ̀pọ̀ yín ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Rárá o. Ti Japan ni: ọ̀bẹ tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbọn Arisaka, ìbọn àwọn sójà wọn, irú tí wọ́n ń pè ní Type 30.

Ó ti dógùn-ún gan-an, ni mo bá fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́ mọ́jú. Lẹ́bàá èèkù, òbírípo kéékèèké mẹ́rin yọ, wọ́n kọ́ ara wọn. Àmì ilé iṣẹ́ ohun ìjà Tokyo ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ti Kokura, ìlú mìíràn ní Japan.

Gígùn rẹ̀ ló tàn wá jẹ. Irin ọ̀bẹ yìí máa ń tó 40 cm, tiwa ò ju 22 lọ. Ẹ wo kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ irin náà kọjá: lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, kì í dé ṣóńṣó. Tiwa gba ṣóńṣó jáde. Wọ́n gé e ni! Òrùka tí ẹnu ìbọn ń kì bọ̀ náà, wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ẹ dànù.

Àǹtí bàbá mi ló wá là á yé wa: bàbá bàbá mi ní ó gùn jù fún oko, ló bá gbé e fún alágbẹ̀dẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ má bínú, mi ò tà. Ẹni tó ní kí n fá a kó máa dán, ẹ̀gbọ́n, ó tì o. Epo díẹ̀ ni mo fi pa á. Ẹ ṣeun gan-an, mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.