Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fèrèsé wo ni ariwo kò ní gbà wọ yàrá tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀?

Oníbèérè, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oríkì àti ìtàn ni mò ń kà sórí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, nínú yàrá kan nílé tí mo háyà ní Mọ́kọ́lá. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lúfà àtijọ́. Ìyá tó ń lọ ata wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń bẹ̀rẹ̀ láago méje alẹ́. Lánàá, mo ka oríkì Oníkòyí lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sí ọ̀kan tí ẹ̀rọ ata kò dá sí. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Wọ́n ní kí n ra fèrèsé onígíláàsì méjì, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè ju owó ilé ọdún kan lọ. ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ẹgbẹ́, Abẹ́òkúta:
Ẹ lẹ fóòmù tàbí páálí ẹyin mọ́ ògiri. Èmi ṣe é, ohùn mi sì dáa sí i.

Ẹlẹ́rọ ohùn, Èkó:
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni pé ohùn yín dáa sí i, torí fóòmù ń gbé gbohùngbohùn inú yàrá mì. Ariwo ìta ni kò lè dá dúró. Ohun tó wúwo, tí kò sì ní àlàfo, ló ń dá ariwo dúró. Lúfà, bí ẹ tilẹ̀ pa á dé, afẹ́fẹ́ ṣì ń gba àárín gíláàsì rẹ̀ wọlé, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì gbà ni ohùn ń gbà. Bí ihò ara ògiri bá tó ìdá 1 nínú 100, ògiri náà kò lè dín ariwo kù ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 20 lọ (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), bó ti wù kó nípọn tó. Ẹ pa iná yàrá lọ́sàn-án, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dí.

Alumíníọ̀mù ni iṣẹ́ mi, Ìlọrin:
Ẹ má ra sliding, fèrèsé tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní àyè kó tó lè yọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ló sì ń dí àyè náà. Casement, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ló dáa, torí bí ẹ bá tì í, ó ń fún rọ́bà pọ̀ mọ́ férémù. Gíláàsì laminated 6.38 ni kí ẹ béèrè: gíláàsì mílímítà 3 méjì tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀. Ó ń pa ohùn ju gíláàsì 6 lásán lọ. Fèrèsé onígíláàsì méjì tí wọ́n pè fún yín yẹn, ooru ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ fún, àlàfo àárín rẹ̀ kéré. Ti ariwo fẹ́ kí àlàfo náà tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí gíláàsì méjèèjì má sì nípọn dọ́gba, kí wọ́n má baà jọ máa gbọ̀n sí ohùn kan náà.

Oníbèérè:
Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá onílé kò ní gbà kí n yọ lúfà o. Bí mo bá sì dí i pa, ooru ńkọ́?

Ìyá tó ń ka ìròyìn, Òṣogbo:
Ọmọ mi, ilé àyágbé lèmi náà wà, mi ò fọwọ́ kan lúfà. Lúfà wà níta, àyè sì kù nínú ògiri. Mo ní kí kápẹ́ńtà fi plywood mílímítà 18 méjì kan àpótí pẹlẹbẹ tó wọ àyè náà gẹ́lẹ́, kó nípọn tó íǹṣì 4. Mo kó rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, kún inú rẹ̀, mo sì lẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn mọ́tò yí i ká, kó lè há pinpin. Bo imú, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́ tí o bá ń kó òwú náà, ó ń yún ara. Tí mo bá fẹ́ ka nǹkan, mo dé e bí ọmọrí ìkòkò; tí mo bá parí, mo yọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni mo máa ń kà, tí n ó ṣí i kí atẹ́gùn wọlé. Ó wúwo o, wá ẹni bá ọ gbé e. Ẹ̀rọ ata kò ní dà ọ́ láàmú mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ní tiẹ̀ á ṣì máa kùn lábẹ́lẹ̀, torí ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ ń gba ara ògiri wọlé.

Ẹlẹ́rọ ohùn, Èkó:
Ìmọ̀ràn Màmá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ fi máìkì dynamic, irú èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó jìnnà, kún un, kó sún mọ́ ẹnu yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọjú sí fèrèsé, kí ẹ̀yìn máìkì lè wà lápá ibẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbọ́ràn tó iwájú. Kí aṣọ púpọ̀ kọ́ sẹ́yìn yín. Lórí ẹ̀rọ, ẹ gé ohùn tó rinlẹ̀ jù, èyí tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tàbí rinlẹ̀ tó), kúrò, kíkùn jẹnẹrétọ̀ á dín kù.

Oníbèérè:
Mo pa iná wò lọ́sàn-án òní. Ìlà mẹ́jọ ni ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín lúfà, àti ihò kan lókè tí wọ́n gba okùn tẹlifíṣọ̀n kọjá, tí n kò fojú sí rí. Mo ti fi simẹ́ńtì dí ìyẹn. Kápẹ́ńtà ń bọ̀ wá wọn fèrèsé lọ́jọ́ Sátidé. Màmá, ẹ ṣeun. Mo tún lọ bá ìyá aláta sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn kì í tan ẹ̀rọ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Aago márùn-ún ni n ó máa jí ka oríkì títí àpótí yóò fi dé.