Bí a ṣe ń fi orúkọ class dá object nínú Java nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin onímọ̀, ètò tí mò ń kọ ní èdè Java máa ń ka orúkọ class (àwòṣe tí a fi ń dá object) láti inú fáìlì, lẹ́yìn náà ni yóò fi orúkọ ọ̀hún dá object. Class.forName, àṣẹ tó ń fi orúkọ wá class, kò rí "Circle" àfi ìgbà tí mo kọ ọ́ ní "shapes.Circle", ìyẹn pẹ̀lú orúkọ package (àkójọ class) tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ti yanjú, àmọ́ constructor Circle (apá class tó ń dá object) ń gba int (nọ́ńbà odidi lásán), getClass() tí mo fi ń mọ irú iye tó wà lọ́wọ́ mi sì ń dá Integer (class tó ń gbé int sínú object) padà, nítorí náà ni getDeclaredConstructor, àṣẹ tó ń wá constructor, ṣe ń gbé NoSuchMethodException (àṣìṣe pé kò rí i) jáde. Bí mo bá fọwọ́ kọ int.class, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè mọ ohun tí class kọ̀ọ̀kan máa gbà ṣáájú. Ṣé kí n máa yẹ àwọn constructor wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí Java ní ọ̀nà tirẹ̀ láti mú int àti Integer bára mu?