Ọlọ́run dá sí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ní 1998: ohun tójú mi rí n'Íbàdàn

Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí Nàìjíríà, ohun tí mo máa ń bi í ni pé níbo ló wà lọ́dún 1998. Èmi wà nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba fọwọ́ sí ti fa Ọ̀gágun Abacha, tó ń ṣèjọba lọ́wọ́, kalẹ̀ fún ipò ààrẹ pé òun nìkan làwọn fẹ́, Bọ́lá Ìgè sì ti pè wọ́n ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Abíọ́lá, tó wọlé ìbò ààrẹ 1993, ti wà ní àhámọ́ láti 1994. Wọ́n ti yìnbọn pa Kúdírátì, ìyàwó rẹ̀, l'Ékòó ní 1996. Ọbásanjọ́ wà lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ti dájọ́ ikú fún Díyà, tó ti jẹ́ igbákejì Abacha.

Bàbá mi á ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n á rọ ohùn rédíò sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á wá gbé etí lé e. Rédíò Kúdírátì, ti àwọn tó ń ta ko ìjọba Abacha, ni wọ́n ń wá. Bá a bá fẹ́ wọlé, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wúkọ́, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n.

Ní ti màmá mi, àìsùn ni. Lálaalẹ́ Fúráìdè, àwọn ìyá Séráfù á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú aṣọ funfun, wọ́n á ka Sáàmù 35, àmọ́ wọn ò jẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Ẹni tó jókòó lé wa lórí" ni wọ́n ń pè é, torí wọn ò mọ ẹni tó lè lọ ta wọ́n lólobó. Àlájà tá a jọ ń gbélé náà ń fa tẹ̀sùbáà tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ariwo sọ ládùúgbò. Abacha ti kú! Ọlọ́kadà ń fọn fèrè, àwọn èèyàn já ewé igi, wọ́n ń jó kiri. Àlájà ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀, ó ní kí gbogbo ọmọ ilé mú àwo wá, ẹran méjì-méjì. Àlájà tó jẹ́ ahun yẹn o! Nígbà tó di ọjọ́ 15, wọ́n tú Ọbásanjọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tó di ààrẹ ní 1999, ìwàásù Jósẹ́fù, láti ẹ̀wọ̀n dé ààfin, ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọn ò sì pa Díyà mọ́.

Ibì kan wà tá a sábà máa ń fò nínú ẹ̀rí yìí. Lọ́jọ́ 7, oṣù Keje, tí gbogbo ayé ń retí pé wọ́n máa tú Abíọ́lá sílẹ̀, òun náà kú. Àwọn tó ń pariwo pé Ọlọ́run ti jà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ní Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, màmá mi tún ń múra àìsùn. Bàbá mi ní kí lẹ tún fẹ́ lọ tọrọ? Màmá mi ní, "Bàbá Fẹ́mi, Ọlọ́run kì í ṣọmọ ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀ Ẹ́, Ó ṣe ọ̀kan, kò ṣe ìkejì. Ṣé kí n wá lọ bá A jà ni?" Wọ́n dé fìlà wọn, ó di ìta. Ìdáhùn yẹn ló gbé ìrètí tèmi ró ju ijó ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn lọ.

Àmọ́ ọ̀nà tá a ń gbà jẹ́rìí máa ń bí mi nínú nígbà míì. Ẹ wo ti Èbólà ní 2014. Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu nínú ẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ ti tán ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, bẹ́ẹ̀ ìlú tó kún bí Èkó ló kọ́kọ́ wọ̀! Lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Gbogbo wa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí mò ń lọ, mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin tó gbé àrùn náà wọ̀lú ò ní kúrò ní ọsibítù, tí wọ́n fúngun mọ́ ọn, tí ò gbà, tí àrùn náà sì pa á. Ta lẹ rò pé Ọlọ́run rán?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábẹ́òkúta, ìlú Abíọ́lá, lóṣù Keje 1998 yẹn, báwo lẹ ṣe gbọ́ ti Abíọ́lá? Ẹ sọ tiyín.