Commandaria: ṣé kí n gbé e sí fíríìjì ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra ìgò wáìnì Commandaria kan ní Limassol, ní erékùṣù Sáípúrọ́ọ̀sì (ilẹ̀ Bánábà inú Bíbélì nì), fún bàbá ìyàwó mi. Èso àjàrà Mavro àti Xynisteri ni wọ́n ń sá sóòrùn títí yóò fi hunjọ, kí wọ́n tó fún omi rẹ̀. Ó kéré tán, ọdún 2 ló ń lò nínú àgbá onígi. Mo tọ́ ọ wò ní ṣọ́ọ̀bù: ó dùn bí oyin, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí adùn yẹn tàn yín jẹ, ó le!

Bàbá kì í mu ju ife kékeré kan lọ lọ́sẹ̀. Tí a bá ti ṣí i, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó kan? Ṣé tútù ni wọ́n ń mu ún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti mu ún rí ni kó dá mi lóhùn.